Aṣọ Tẹ́ẹ́rẹ́ fún Tábìlì Bàbá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Etí Pẹ́pẹ́yẹ ọmọ mi kò ṣiṣẹ́. Ọ̀tún, òsì, méjèèjì.

Mo ti kọ ọ́. Ọwọ́ mi ò rọ, ilé ò wó. Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo máa fi sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀ àti fún Alága, ẹnu yẹn ni mi ò ní.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n kó wa sí. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo ògiri ẹ̀. Mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, Dókítà Etí jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ń tẹ nǹkan. Ìró kan jáde lápá ọ̀tún — èmi gan-an ta gìrì. Pẹ́pẹ́yẹ ń fi ìka tú bọ́tìnì ẹ̀wù mi. Ìró mìíràn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ́tìnì tú, inú ẹ̀ dùn. Ó ṣe mí bíi kí n rọra fọwọ́ kàn án kó lè yíjú, bí ẹni tó fẹ́ sọ ìdáhùn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú ìdánwò. Mi ò ṣe é. Ì bá dáa kí n ti ṣe é.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bóyá láti inú oyún ni, bóyá kété lẹ́yìn ìbí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ etí ò lè ṣe nǹkan gidi fún irú èyí. Ó ní ká yára kọ́ ọ láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, torí ọpọlọ ọmọdé dà bí amọ̀ tútù, tó bá gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. Ilé ìwé kan wà tó ń gba irú wọn pẹ̀lú ìyá wọn. Kíláàsì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó kọ àdírẹ́sì fún mi. Mo ní ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun! Bí ẹni tó ra búrẹ́dì.

Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan ń bá a ṣeré: kí lorúkọ ẹ, arẹwà? Ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà, kò sọ nǹkan kan. "Ojú ń tì í ni," mo ní.

Adití. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ fún Alága. (Màmá ọkọ mi ni. Torí àga tó wà ní ìpẹ̀kun tábìlì, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fìdí kàn àfi àwọn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí i.)

Wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí omi ìfọṣọ. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dókítà yẹn, ọmọ mélòó ló bí? Mo ní mi ò mọ̀, Mà. "O ò ṣe bi í?"

Ni wọ́n bá gbé Pẹ́pẹ́yẹ, ó di ìdí tábìlì.

Tábìlì yìí — mo gbọ́dọ̀ kọ nípa ẹ̀. Bàbá ọkọ mi ló kàn án, káfíńtà ni wọ́n, mi ò bá wọn láyé. Wọ́n ní wọ́n ti kàn án kí wọ́n tó ní bẹ́ẹ̀dì. Odidi pátákó kan ṣoṣo, kò ní ojú ìsọpọ̀. Tó o bá kàn án níbí, ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún máa mọ̀. Nínú ilé yìí, a kì í pe èèyàn wá jẹun. Bàbá máa ń fi eegun ìka kan tábìlì, kó-kó, gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n kú, Alága gba ìkànkàn náà. Tí wọ́n bá sì ti kàn án, Pẹ́pẹ́yẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbé orí sókè. Ìyẹn ni gbogbo wa gbójú lé nígbà tí ọ̀rọ̀ sísọ ẹ̀ pẹ́. Ó ń gbọ́ kẹ̀! Ìgbà wo ni kò gbọ́?

Wọ́n gbé e sórí àga ẹ̀, ó dojú kọ ife ẹ̀. Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Kó-kó. Ó gbé orí sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Alága wí. "Adití ló dáhùn yẹn?"

Mo bú sẹ́kún. Ẹkún ayọ̀ ni.

Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ bá ọmọ wọn, ìyẹn ọkọ mi, sọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀. Orí afárá tí wọ́n ń kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, òkè lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà lórí igi, a kì í kígbe ejò sí i. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló dilẹ̀ tí ọkàn mi fi ń rin ìrìnkurìn. Kí n rán nǹkan fún àárín tábìlì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó nípọn dáadáa, torí ìkòkò gbígbóná ti ń fi òǹtẹ̀ funfun sára igi Bàbá. Ṣebí mo kọ́ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bí wọ́n bá ní kí n rán òrùlé, màá rán an lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo wọn tábìlì. Tépù ò tó, mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo ta á ní kókó. Alága ní kó gùn ju tábìlì lọ, kó ṣẹ́ wálẹ̀ níwájú àwọn àti ní ìpẹ̀kun kejì. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún, ni wọ́n fẹ́ ẹ fún, tí Eyínmẹ́nugún àti ọkọ ẹ̀ máa wá bá wa jẹun.

(Àbúrò ọkọ mi obìnrin. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún, ó sì yẹ ẹ́, kò fẹ́ kí eyín yẹn sinmi, ẹnu ẹ̀ kì í padé. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é torí ọmọ ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni.)

Tẹ́lọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa da àpò àgékù aṣọ sílẹ̀ níwájú mi: mú èyí tó wù ẹ́ kí eku má baà jogún ẹ̀. Mo mú àwọ̀ ewé, mo mú àwọ̀ ilẹ̀, mo mú funfun tó ní tóótòòtó búlúù. Ó gé páálí onígun mẹ́rin fún mi. Kí n fi gé gbogbo ẹ̀ dọ́gba, kí n so ó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí n so ọ̀wọ́ mọ́ ọ̀wọ́. Ìyẹn di òkè. Kúbùsù àtijọ́ láàárín. Aṣọ kan lábẹ́. Kí n wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, sókè, sódò. "Bí ilé olórogún ni, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni àárín ni kó o so mọ́lẹ̀, òun ló máa ń sá."

Mo rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó bi mí pé kí ni dókítà wí. Mo ní wọn ò tíì sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ pè. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí fóònù ti ń mú. Ohùn ẹ̀ ti há, eruku símẹ́ńtì. Gbé e sí i létí, ó ní. Mo gbé e sí i létí. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ibẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń kọ orin tó ṣe fún un fúnra ẹ̀, ti pẹ́pẹ́yẹ tó wọ bàtà lódì. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ fi eyín gé fóònù jẹ.

Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?

Mo fi ìka ṣeré fún un lábẹ́ abíyá. Ó rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ó ń rẹ́rìn-ín."

Ọmọ mi mọ ohùn mi o! Ó ń pariwo ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo wọ balùwẹ̀, mo tú ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí Alága má baà gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Tẹ́lọ̀ yá mi ní maṣíìnì lọ́sàn-án. Mo so ọ̀wọ́ mẹ́rin. Èyí kejì wọ́, mo tú u, mo tún un so. Pẹ́pẹ́yẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé pátákó maṣíìnì. Mo wà á, ó rẹ́rìn-ín. Mo dúró, ó bojú wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mo tún wà á. Orin maṣíìnì dùn mọ́ ọn, Tẹ́lọ̀ wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orin maṣíìnì.

Alága ṣòótọ́ o. Dókítà lè ṣìṣe. Wọn kì í ṣe Ọlọ́run.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sí ilé ìwé yẹn. Mo sọ fún Alága pé òwú ni mo fẹ́ rà.

Mo ti rò pé ibẹ̀ á pa lọ́lọ́ bí ilé òkú. Ariwo wo! Àga ń ṣubú, ọmọ ń ké, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, torí ta ni ariwo ń dí lọ́wọ́? Pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Tíṣà fẹ́ kí wọ́n wo òun. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀, ó fi lu pákó gìrìgìrì. Gbogbo wọn yíjú. Gbogbo wọn. Pẹ́pẹ́yẹ tèmi náà, lórí ilẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Mo wo pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Tíṣà fi ìka kan àgbọ̀n, ó nawọ́ omi sí i. Ó tún un ṣe. Pẹ́pẹ́yẹ fi ìka kan àgbọ̀n. Ó gba omi. Ọmọ tó ti ń fa aṣọ mi ya láti oṣù mélòó torí kò mọ bó ṣe máa sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Tíṣà ní àyè kù fún ọmọ kan. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ọ̀rọ̀ tí bàbá ẹ̀ náà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Àwọn bàbá kan ti wá gbé ọmọ wọn lọ níṣojú òun, lọ́jọ́ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ò bí ọ̀bọ tó ń fi ọwọ́ júwe. Òun ò tún fẹ́ rí irú ẹ̀. Ó máa di àyè náà mú dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Mo délé, mo dé ìdí maṣíìnì Tẹ́lọ̀. Mo wà á, Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò lórí pátákó, mo wà á. Ó wo fèrèsé. Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ọwọ́ ni. Ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Igi Bàbá ló ń sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò lè jẹun. Mo rán ọ̀wọ́ méjì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Eyínmẹ́nugún yà. Alága ti ròyìn fún un. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di eré: Alága kan tábìlì níbí, Eyínmẹ́nugún kàn án lọ́hùn-ún, Pẹ́pẹ́yẹ ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín, itọ́ ń bọ́. Inú wọn dùn. Inú ọmọ dùn. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, bóyá igi ló ń mì sí i lọ́wọ́… Alága wò mí. Eyínmẹ́nugún ní: "Ìyàwó wa, àwọn mìíràn ń wá ẹ̀bùn, ìwọ ń wá àrùn. Ṣé ó ti sú ẹ ni, kí n gbé ọmọ wa lọ?" Ó fi ṣe ẹ̀rín. Kì í ṣèèyàn burúkú. Ìyẹn ló le jù, pé wọn kì í ṣèèyàn burúkú.

Nígbà tí fóònù dún, Alága ló gbé e. Ọmọ ẹ ń ṣe dáadáa, wọ́n ní, ó ń jẹun, ìyàwó ẹ ń rán aṣọ fún tábìlì bàbá ẹ. Wọn ò gbé e fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ṣé ibà tó ṣe mí lóṣù kẹrin oyún ni?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù

Òkè ti pé. Mo tẹ́ aṣọ abẹ́ sílẹ̀, mo tẹ́ kúbùsù lé e. Mo gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e lórí láti dán an wò, ooru já sí abẹ́. Mo bá ṣẹ́ kúbùsù po. Tẹ́lọ̀ ń pariwo: ó máa nípọn jù, ìyá ọmọ, maṣíìnì ò ní gbà á, ṣé tábìlì ń ṣòjòjò ni? Mo ní kó jẹ́ kó nípọn. Tí òǹtẹ̀ mìíràn bá fi lè kan igi yẹn, èmi ni wọ́n máa bi.

Òótọ́ ló sọ, maṣíìnì ò gbà á. Ọwọ́ ni mo fi ń rán an já. Abẹ́rẹ́ ńlá, mo ń fi ìdí ṣíbí tì í. Àtàǹpàkò mi ti wú.

Nígbà tí mo bá ń rán, mi ò ronú. Nígbà tí mo bá dáwọ́ dúró ni gbogbo ẹ̀ ń padà wá. Ta ló máa fẹ́ ẹ. Ta ló máa pè é tí mọ́tò bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí èmi bá kú, ta ló máa mọ̀ pé ìka lórí àgbọ̀n, omi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó parí. Mo gé òwú tó kẹ́yìn. Kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo tẹ́ ẹ. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Alága yí tábìlì ká, wọ́n ń fi ìka tọ ojú ìrán. Ọwọ́ ẹ dáa, ọmọ mi, wọ́n ní. Ọmọ mi! Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn.

A jókòó. Eyínmẹ́nugún ń sọ̀rọ̀ láìmí, ọkọ ẹ̀ ń mi orí bí aláàmù. Pẹ́pẹ́yẹ ń fi ṣíbí ti ìrẹsì kiri abọ́. Alága nawọ́ láti kan tábìlì fún àdúrà. Orí aṣọ mi ni ìka wọn bọ́ sí, níbi tó ti ṣẹ́ wálẹ̀ níwájú wọn.

Bù, bù. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Eyínmẹ́nugún dákẹ́. Ọkọ ẹ̀ tẹrí ba.

Pẹ́pẹ́yẹ ń ti ìrẹsì ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún kàn án. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ò mira. Eyínmẹ́nugún ní oúnjẹ ló gbà á lọ́kàn.

Alága ká etí aṣọ náà sẹ́yìn. Wọ́n kan igi lásán, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn. Pẹ́pẹ́yẹ gbé orí sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lu tábìlì padà.

Wọ́n da aṣọ bò ó. Wọ́n kàn án. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ká a. Wọ́n kàn án. Orí sókè, ẹ̀rín. Wọ́n tún dà á bò ó. Ó ṣe mí bíi kí n di ọwọ́ wọn mú. Ọlọ́run ló mọ̀, nígbà tí mo ń ṣẹ́ kúbùsù yẹn po, mi ò ro ti ìró rárá. Ìkòkò ni mo rò.

Wọ́n dìde. Wọ́n wá dúró sẹ́yìn àga ọmọ. Wọ́n pe orúkọ gígùn tí àwọn fúnra wọn sọ ọ́, kì í ṣe Pẹ́pẹ́yẹ, orúkọ gan-an, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní òdì kejì títì. Ọkọ Eyínmẹ́nugún ta gìrì. Eyínmẹ́nugún fi ọwọ́ bo ẹnu.

Pẹ́pẹ́yẹ rí tòmátì kan nínú ìrẹsì ẹ̀. Ó fi hàn mí.

Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù dún lórí fèrèsé. Bàbá ẹ̀ ni. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó lè dìde. Gbogbo wa la yíjú sí i, àfi ẹnì kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Alága ò jáde láàárọ̀. Lọ́sàn-án mo bá wọn nídìí tábìlì, àwọn àti Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n ti ká aṣọ mi, wọ́n gbé e sórí àga. Wọ́n ń kan igi, ọmọ ń wò wọ́n. Wọ́n ń kàn án, ọmọ ń wò wọ́n. Ojú wọn ti wú.

Wọn ò wò mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ọkọ àwọn ti kú, tí àwọn bá kan tábìlì tí ọmọ yìí bá gbé orí sókè, àwọn máa ń sọ ọ́ nínú ara àwọn pé: bàbá, wọ́n ṣì ń dá yín lóhùn.

Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, Mà.

Mo sọ ti tíṣà àti ti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ fún ọkọ mi, kí n má sọ ọ́ lórí fóònù, àwọn ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá gbọ́. Dírẹ́bà tó ń kó símẹ́ńtì lọ síbi afárá ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, ọjọ́bọ̀ ló ń padà. "Tí ẹsẹ̀ ọmọ mi bá yẹ̀ lókè yẹn, mi ò ní dárí jì ẹ́." "Ọmọ mi" tí wọ́n pè mí lánàá ti tán. Ìwọ ni mo tún dà.

Mo kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Èyí ni mo máa fún dírẹ́bà. Mo dà á kọ síbí torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi pé mi ò ní sọ lọ́la pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ,

Sọ̀ kalẹ̀ kó o tó ka èyí. Jókòó.

Ọmọ wa ò gbọ́ ohùn kankan. Kò gbọ́ rí. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwa náà ti fi ojú ara wa rí i. Kì í ṣe ohun tí oògùn ń wò. Tó o bá ń kọrin fún un lórí fóònù, èmi ni mo ń pa á lẹ́rìn-ín. Tó o bá máa bínú, jọ̀ọ́, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ Ẹtì.

Tíṣà kan fẹ́ gbà á, kó kọ́ òun àtèmi láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti mọ bó ṣe ń béèrè omi. Tíṣà ò ní gbà á àfi tó bá rí ọ̀rọ̀ tìẹ náà. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni àyè náà dópin. Màmá ti mọ̀. Àná, gbogbo wa gbọ́ fóònù ẹ, kò sẹ́ni tó lè gbé e.

Mi ò ní kó o wá. Mi ò ní kó o má sunkún. Kọ "mo gbà" tàbí "mi ò gbà" sẹ́yìn ìwé yìí, kó o fún dírẹ́bà kó tó gbéra lọ́jọ́bọ̀.

Jọ̀ọ́, tètè dá mi lóhùn.